Ìdí ọkọ̀ ojú omi bàbá mi ti ń jẹrà, ṣé kí n gé e ni àbí kí n bò ó?

ỌmọOlógunẹ́rù

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn lórí nǹkan kan tó ti ń dà mí láàmú láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá mi ní ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n fi máa ń dẹ àwọ̀n lórí omi Ẹlẹ́yẹlé nígbà tí ara wọn ṣì le, kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ látinú igi kan ṣoṣo o, plywood ni wọ́n fi kàn án, ìdí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, gígùn ẹ̀ á tó ẹsẹ̀ bàtà 14. Bàbá ṣì wà a dúpẹ́, ṣùgbọ́n orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi mọ́, ọkọ̀ yẹn sì ti wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé wa ní Ológunẹ́rù láti nǹkan bí ọdún 6, inú ẹ̀ ló kọjú sókè, ewé ń já sínú ẹ̀, òjò ń rọ̀ sínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó bojú wò ó.

Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún ni mo ní kí n gbọ́n omi inú ẹ̀ dànù kí n fọ̀ ọ́. Ibi tí mo ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ igun ẹ̀yìn lápá òsì lọwọ́ mi ti kan ibi tó rọ̀. Mo mú sìkúrúdíráfà, mi ò tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ púpọ̀, ó kàn wọlé bí ìgbà téèyàn ki ọ̀bẹ bọ ẹ̀kọ tútù ni, omi dúdú kan bí omi àgbo wá ń sun jáde létí ẹ̀. Nígbà tí mo fa ibẹ̀ díẹ̀, plywood náà ń ṣí ní ìpele ìpele bí ìwé tí òjò pa, àárín ẹ̀ ti di nǹkan pupa rúsúrúsú tó ń rún sọ́wọ́, olú kéékèèké funfun sì ti hù lábẹ́ ìjókòó. Ibi tí mo fojú rí tó bí àtẹ ẹlẹ́pà.

Mo pe káfíńtà àdúgbò wa, ó ní kí n má da ara mi láàmú, òun á kan pákó tuntun lé e láti ìta, òun á wá da kóótà sí gbogbo ẹ̀, ọjọ́ kan péré ni, kí n ṣáà lọ ra marine board kan. Ọkàn mi ò gbà á tán ni mo ṣe ní kí n bi yín. Ṣé kí n bò ó ni àbí kí n gé ibẹ̀ kúrò? Tí mo bá sì gé e, báwo ni wọ́n ṣe ń so tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀ tí omi ò fi ní máa wọlé? Ọkọ̀ yẹn ò ṣeé jù nù lójú mi, owó iléèwé èmi àti àbúrò mi obìnrin, inú ẹ̀ ló ti jáde láwọn ọdún tí nǹkan ò rọgbọ, bàbá sì ń bèèrè ẹ̀ lójoojúmọ́ pé "ọkọ̀ mi ńkọ́?"

KáfíńtàBódìjà

Àbúrò kú iṣẹ́, kú ìtọ́jú bàbá. Ohun tí káfíńtà yẹn sọ kì í ṣe ìkà, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe é nìyẹn torí ó yá, owó ẹ̀ ò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n má gbà. Iṣẹ́ pákó ni mo ń ṣe ní Bódìjà, mo ti tún ọkọ̀ apẹja ṣe ju ẹyọ kan lọ, gbogbo èyí tí wọ́n bò lórí jíjẹrà ló padà wá sọ́wọ́ mi, ìgbà tó bá sì máa fi padà wá, ibi tó bàjẹ́ á ti fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Èbu ló ń jẹ pákó yẹn, nǹkan abẹ̀mí ni, omi àti afẹ́fẹ́ ló fi ń gbé ayé. Igi tó gbẹ dáadáa, tí omi inú ẹ̀ ò tó 20 nínú 100, kò lè jẹ ẹ́. Tó o bá wá kan pákó tuntun lé e tó o da kóótà lé e lórí, omi tó ti wà nínú ti àtijọ́ ò rọ́nà jáde mọ́, o ti ti èbu mọ́lé pẹ̀lú oúnjẹ àti omi ẹ̀ nìyẹn, ojú ìṣó kọ̀ọ̀kan sì tún di ọ̀nà tuntun tómi á máa gbà wọlé. Ká fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá ni.

Ohun tó o máa kọ́kọ́ ṣe nìyí. Mú òòlù, igi ọwọ́ ẹ̀ ni kó o fi máa kan gbogbo ara ọkọ̀ yẹn díẹ̀díẹ̀, inú àti ìta, má kánjú. Ibi tó bá le á máa dún kò kò kò, ibi tó bá ti rà á dún bọ̀ bọ̀ bí ẹni ń lu àpò gàrí. Ibi tó bá dún bẹ́ẹ̀ fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún un wò, kó o sì fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Abẹ́ ìjókòó, ibi tí pákó ẹ̀yìn ti pàdé ìdí ọkọ̀, ojú ìṣó àtijọ́, ibẹ̀ ló máa ń fi ara pamọ́ sí jù. Tó o bá wá fẹ́ gé, má dúró síbi tó rọ̀ mọ, wọnú èyí tó le tó íńsì 4 sí 6, torí èbu ti máa ń na ọwọ́ síwájú kójú tó rí i.

Ní ti marine board, ibẹ̀ ni mo tiẹ̀ fẹ́ kó o gbọ́ mi dáadáa torí owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti wọgbó níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní marine board nílùú wa, pákó tó ń dán lójú tí àwọn bíríkìlà fi ń da dẹ́kìn ni. Ike tó wà lójú ẹ̀ kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú un, àárín ẹ̀ sì máa ń ní ihò níbi tí wọn ò ti to ìpele ẹ̀ pọ̀ dáadáa, bí omi bá ti rí ihò yẹn ó parí. Plywood ti ọkọ̀ ojú omi gan-an, wọ́n máa ń tẹ BS 1088 sí i lára, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé gọ́ọ̀mù tí omi ò lè tú ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, àárín ẹ̀ sì dí. Kì í wọ́pọ̀ ní Bódìjà, èèyàn lè ní láti ránṣẹ́ sí Èkó, owó ẹ̀ sì ga. Tápá ẹ ò bá ká a, ra plywood igi líle tí etí ẹ̀ ò ní ihò rárá, ní kí wọ́n gé díẹ̀ fún ẹ tó ìwọ̀n páálí ìṣáná, sè é nínú omi híhó fún wákàtí bíi mélòó kan, sá a sóòrùn kó gbẹ, kó o tún un sè. Tó bá ṣí ní ìpele bí èyí tó o ṣàpèjúwe yẹn, dá a padà fún wọn. Èmi ò kí ń ra pákó ọkọ̀ láìsè é, ìyàwó mi ti mọ̀ pé ìkòkò kan wà tí wọn ò gbọ́dọ̀ fi se ọbẹ̀.

Ọ̀nà ìsopọ̀ wá nìyí. Fi ìfági fá etí ihò yẹn ní dídagẹ̀rẹ̀, kó o fá etí tuntun náà ní dídagẹ̀rẹ̀ kí wọ́n gùn ara wọn. Ìlọ́po 8 nínípọn pákó ni gígùn ibi tó dagẹ̀rẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́, tí pákó bá nípọn tó 12 mílímítà, ó di 96, bí íńsì 4 nìyẹn. Bó o bá ṣe ń fá a, ìlà àwọn ìpele á máa yọ lójú ẹ̀ bí ìlà aṣọ òfì, funfun, pupa, funfun. Tí àwọn ìlà yẹn bá gún régé tí wọn ò wọ́, ó ti fá dáadáa nìyẹn. Tọ́wọ́ káfíńtà ò bá lè fá a báyìí, kó gé ihò náà gún, kó fi pákó míì tó fẹ̀ jù ú lọ ti ẹ̀yìn ẹ̀ láti inú, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ìyẹn náà á ṣe é, àfi pé á yọ sókè nínú ọkọ̀.

ÌyáẸlẹ́jaAṣéjìre

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ ti ìfági, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Orí omi Aṣéjìre lọkọ mi ti ń pẹja, èmi ni mo ń yan án tí mo ń tà á. Lọ́dún kan ọkọ̀ wa rà nídìí, ẹnì kan ní kí a fi páànù bò ó kí a da kóótà sí i, owó ò sí lọ́wọ́ a gbà. Ó gbé wa dé ìparí òjò kan. Òjò kejì, ọkọ mi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti wọ àárín omi tán kí páànù yẹn tó ṣí, pákó tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti di ìdọ̀tí, kò sí ohun tí ìṣó á dì mú mọ́. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì tó wà nínú ọkọ̀ ni wọ́n gbá mú tí àwọn tó wà nítòsí fi rí wọn fà jáde. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Látìgbà náà tí mo bá gbọ́ "ẹ kàn bò ó", àyà mi máa ń já.

Ọmọ mi, mo tún fẹ́ bi ẹ́ léèrè kan. Bàbá ẹ ṣì wà láàyè, ọpọlọ wọn ṣì pé, ṣé o ti bi wọ́n pé kí ló fà á tó fi jẹ́ igun yẹn gan-an ló rà? Ẹni tó bá jókòó nínú ọkọ̀ fún ọdún gbọọrọ mọ ibi tó ti ń dùn ún. Lọ bi wọ́n kó o tó gbé ayùn.

TúndéOníFáìlì

Ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó ní fibreglass ni kẹ́ ẹ kàn dà lé gbogbo ẹ̀ nínú lóde, ẹ ò ní tún ríṣòro mọ́ láé. Résìnì, gọ́ọ̀mù olómi tí wọ́n fi ń rin fibreglass yẹn, á wọ inú ibi tó rọ̀, á sì le.

FáíbàAgódi

Ẹ má bínú ẹ̀gbọ́n Túndé, iṣẹ́ tí mò ń fi ọwọ́ mi ṣe lẹ dárúkọ yẹn, mo ń fi fibreglass ṣe táǹkì, mò ń fi tún bọ́ńpà mọ́tò ṣe, mi ò sì ní gba ọmọkùnrin yìí nímọ̀ràn kó dà á lé igi tó rà. Résìnì tá a fi ń ṣe táǹkì, polyester ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ di igi mú. Lójú ó máa ń dà bíi pé ó mú, bí igi bá ti fẹ̀ tó tún sún kì pẹ̀lú omi àti oòrùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo, omi á wọ àárín wọn, ẹ ò sì ní rí i títí dìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ti pé kó wọ inú ibi tó rọ̀ kó le, ojú lásán ló ń wọ̀, abẹ́ ẹ̀ á ṣì tutù, kódà ibi tó bá wọ̀ gan-an, igi tó ti kú ò lè ní agbára tó ní tẹ́lẹ̀ mọ́.

Epoxy ni kó o wá fún iṣẹ́ yìí àbúrò, gọ́ọ̀mù olómi méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ kó lè le ni. Wọ́n ń tà á ní Ọjọ́ta l'Ékòó, àwọn tó ń fi ṣe tábìlì aláràbarà n'Ìbàdàn náà lè bá ẹ rà á. Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣọ́ ni pé epoxy ò kí ń ṣe bíi polyester. Polyester, tá a bá fẹ́ kó tètè yi a lè fi kátálísìtì kún un díẹ̀. Tó o bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún epoxy, o bà á jẹ́, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ títí ayé. Tí wọ́n bá kọ 2 sí 1 sára agolo, fi ife tó ní ìwọ̀n wọ̀n ọ́n ní 2 sí 1, pò ó kó pò délẹ̀. Má po púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, má sì fi í sílẹ̀ nínú ife, ooru Ìbàdàn yìí á mú un hó, mo ti rí èyí tó yọ èéfín tó sì yọ́ ike tí wọ́n pò ó sí. Da á sínú abọ́ pẹrẹsẹ kó tẹ́, o máa ráyè ṣiṣẹ́.

Tó o bá fẹ́ lẹ pákó, kọ́kọ́ fi èyí tó ṣàn kun ojú méjèèjì, jẹ́ kí igi mu ún, etí plywood máa ń mu púpọ̀ bí ẹni òùngbẹ ń gbẹ. Lẹ́yìn náà kó o wá po òmíràn pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó tó kúnná, kó ki bí ògì tí wọ́n ti ro omi ẹ̀ kúrò, òun lo máa fi lẹ̀ ẹ́. Ta nylon sáàárín kí kíláǹpù má baà lẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Má fún un pa o, tó bá fún jù gbogbo gọ́ọ̀mù á sá jáde, kò ní ku nǹkan kan tó ń so wọ́n pọ̀. Èyí tó o máa fi kun gbogbo ara ẹ̀ gbẹ̀yìn, ìrọ̀lẹ́ ni kó o ti ṣe é, lábẹ́ ibòji, nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀. Láàárọ̀ tí ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú, afẹ́fẹ́ inú igi á máa ti jáde, á kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí ojú mọ́ínmọ́ín. Tó bá ti le, fi omi àti kànǹkàn fọ̀ ọ́ kó o tó fi sánpépà ha á, torí ó máa ń ní nǹkan ọlọ́ràá kan lójú. Tó o bá sì fẹ́ fi aṣọ fibreglass bo ojú ìsopọ̀ yẹn, ra èyí tí wọ́n hun bí aṣọ, mat tí wọ́n kàn tẹ̀ pọ̀ yẹn, polyester ló ń yọ́ gọ́ọ̀mù inú ẹ̀. Fi ọ̀dà kùn ún gbẹ̀yìn torí oòrùn máa ń jẹ epoxy. Wọ ìbọ̀wọ́, bo imú ẹ. Ẹnì kan tá a jọ kọ́ṣẹ́ kò bo imú, ara ẹ̀ ò gba résìnì mọ́ títí dòní, bó bá ti sún mọ́ ọn ojú ẹ̀ á wú.

ỌmọÌgbọ́kọ̀dá

Ẹ kú àtijọ́. Ìlàjẹ ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Gbogbo èyí tí wọ́n sọ dáa, mo kàn fẹ́ fi kún un pé omi òjò ló pa ọkọ̀ yìí, kì í ṣe omi Ẹlẹ́yẹlé. Ní ọ̀dọ̀ tiwa létí òkun, omi iyọ̀ kì í jẹ́ kí èbu ráyè tó bẹ́ẹ̀, omi tí kò níyọ̀ tó dúró sójú kan nínú ọkọ̀ lèbu fẹ́ràn jù. Ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ látinú igi, tá ò bá lò ó a máa ń rì í sómi kó má baà sán, ó sì máa ń pẹ́ torí afẹ́fẹ́ ò débẹ̀. Ti plywood, ẹ má rì í o. Dídà ni kẹ́ ẹ dà á dé, kẹ́ ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ lábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e kúrò lábẹ́ máńgòrò. Ìṣó, ẹ má lo sìkúrúù dúdú tí wọ́n fi ń kan POP, á dógùn-ún kí ọdún tó yípo. Idẹ ni, tàbí stainless. Ojú oró ní í lékè omi, ọkọ̀ bàbá á tún lékè omi láṣẹ Èdùmàrè.

ỌmọOlógunẹ́rù

Àmín àṣẹ o. Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á tún tiyín náà ṣe. Ẹ má bínú pé mi ò tètè fèsì, iṣẹ́ ni mo ń ṣe lórí ẹ̀.

Ìyá wa ní Aṣéjìre, mo lọ bi bàbá bẹ́ ẹ ṣe wí. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n wá ní "o máa rí ihò kan níbẹ̀ tí mo fi èdìdì dí". Lóòótọ́, nígbà tí mo họ ọ̀dà ibẹ̀ kúrò mo rí i, ihò tí wọ́n lu láti máa fi da omi dànù tí wọ́n bá fa ọkọ̀ sókè, rọ́bà ni wọ́n fi ń dí i. Etí ihò yẹn ò ní ọ̀dà kankan, plywood lásán ni, ibẹ̀ lomi ti ń wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ láti gbogbo ọdún yìí, ibi tó rà sì yí i ká gan-an bí ẹyin ṣe yí pupa inú ẹ̀ ká. Tuntun tí mo bá ṣe, màá kun etí ihò ẹ̀ pẹ̀lú epoxy lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó fi nǹkan dí i.

Mo ti gé ibẹ̀. Káfíńtà àdúgbò náà ló bá mi gé e, mo ka ọ̀rọ̀ yín fún un, kò bínú, ó ní òun náà fẹ́ kọ́ ọ. Ibi tá a rò pé ó tó àtẹ ẹlẹ́pà ti di ẹsẹ̀ bàtà 2 ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ ní fífẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn igi tó dábùú inú ọkọ̀ ti rà tì í, káfíńtà ní arère ni, ó yà á lẹ́nu pé wọ́n lo arère. Mo ra ọ̀pẹ̀pẹ̀ ní Bódìjà láti fi pààrọ̀ ẹ̀, ó wúwo, ayùn wa fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọ̀ ọ́. Plywood náà mo ti rà á, mo sè é lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣí.

Ohun tá à ń dúró dè báyìí ni kí èyí tó kù gbẹ. Òjò ti ń kásẹ̀ ńlẹ̀, ọyẹ́ ò ní pẹ́ dé. A ti dojú ọkọ̀ délẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ páànù ẹ̀gbẹ́ ilé. Lálaalẹ́ mò ń fi sẹ̀lótéèpù lẹ nylon pélébé kan mọ́ ojú pákó tá a gé, tí mo bá ṣí i láàárọ̀ tí mo bá rí ìrì lábẹ́ ẹ̀, ó túmọ̀ sí pé omi ṣì ń jáde. Ìrì ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pọ̀ débi pé ó ń ṣàn, ti òwúrọ̀ yìí kò ju bí èémí èèyàn lójú díńgí lọ.

Lánàá bàbá ní kí n gbé àga àwọn wá síbẹ̀. Wọ́n jókòó ti ọkọ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn kan án níkọ̀ọ̀kan, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń gbọ́ ọ. Wọ́n dé apá iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, ibi tí èmi àti káfíńtà ti fi òòlù kàn tá a ní ó le, wọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un kàn, wọ́n gbé ọ̀pá dúró síbẹ̀. Wọ́n ní "ibí náà". Mo gbé etí lé e, lóòótọ́ ó ń dún bọ̀ díẹ̀. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, ọ̀la la máa ṣí i.